Ìyá Fọ́ọ̀mù Nílé Wẹ́dà

Àpá mẹ́rin ni Ìyá Fọ́ọ̀mù ní lára kí ọ̀rọ̀ ilé wẹ́dà tó ṣẹlẹ̀, ẹnu iṣẹ́ ìjọba ló sì ti gba mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ajá ló já a jẹ lẹ́sẹ̀ ọ̀tún. Omi gbígbóná tí obìnrin kan dà láti ojú fèrèsé ló bó èjìká rẹ̀. Ọkùnrin kan fi ìlẹ̀kùn há a níka méjì, ìka náà ò sì tọ́ mọ́ láti ọjọ́ yẹn. Ẹ̀kẹrin wà lókè ojú. Òkúta ni, kò rí ẹni tó jù ú. Bí ẹnikẹ́ni bá káàánú rẹ̀, á ní, "Ẹni tó bá ń yọjú sí ìkòkò ọbẹ̀ ẹlòmíì, kó má bínú bí wọ́n bá fi ìdérí sọ ọ́."

Iṣẹ́ rẹ̀ nìyí. Ìjọba ní ètò kan tó ń sanwó ilé-ìwé fáwọn ọmọ tí apá òbí wọn ò ká a: ìwé, aṣọ, bàtà, títí dórí oúnjẹ ọ̀sán. Ilé-ìwé á fún ọmọ ní fọ́ọ̀mù, wọ́n á kọ ọ̀rọ̀ ilé wọn sí i, olórí ilé á tẹ̀ka sí ìsàlẹ̀. Ọ́fíìsì wa á wá rán èèyàn lọ yẹ ilé náà wò, bóyá òótọ́ ni àbí irọ́. Ẹni tí wọ́n ń rán ni Ìyá Fọ́ọ̀mù. Èmi ni akọ̀wé tó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, tó ń to fọ́ọ̀mù sínú fáìlì. Ọdún mẹ́fà la fi jọ lo tábìlì kan.

Kó tó débẹ̀, búlọ́ọ̀kù ló ń rù níbi tí wọ́n ti ń kọ́lé. Obìnrin gíga ni, ọrùn rẹ̀ le bí òpó. Ọkọ rẹ̀ ti kú, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo ti relé ọkọ. Nígbà tó wà ní kékeré, ọkọ ìyá rẹ̀ ju àpò ìwé rẹ̀ sínú iná ìdáná lójú rẹ̀, ó ní obìnrin tó ń kàwé ń kọ́ ìwà àfojúdi ni. Ọmọ náà ki ọwọ́ bọ iná. Ìwé ìṣirò nìkan ló rí yọ, àtẹ́lẹwọ́ òsì rẹ̀ sì jóná mọ́ ọn lọ́wọ́. Àpá ti karùn-ún nìyẹn, àmọ́ kì í kà á mọ́ ti ìjọba. Ó ti lé lẹ́ni ogójì ọdún kó tó padà sí kíláàsì àgbà, ó ń fi ọwọ́ tó ti le kọ álífábẹ́ẹ̀tì. Lọ́jọ́ tó wá fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò nílé iṣẹ́ wa, ọ̀gá bi í pé, "Màmá, bí ajá bá lé yín ńkọ́?" Ó ní, "Ajá ní ẹsẹ̀ mẹ́rin, mo ní méjì. Kí ni màá wá máa sá fún? Màá dúró kí n gbá a." Wọ́n gbà á síṣẹ́ kó tó délé.

Ó mọ irọ́ èèyàn bí ẹni mọ ojú ọ̀nà. Àwọn kan wà tí wọ́n ń yá ìṣẹ́ lò: wọ́n á gbé tẹlifíṣọ̀n sọ́dọ̀ aládùúgbò kó tó dé, àmọ́ ojú ibi tó wà lára ògiri á ṣì mọ́ roro. Ó ní àwọn yẹn ò yọ òun lẹ́nu. Àwọn tó ń yọ ọ́ lẹ́nu ni àwọn tí òṣì ti wọ̀ dé mùdùnmúdùn egungun, tí wọ́n ń yá àga aládùúgbò kí ilé lè kún, tí wọ́n ń se omi lásán lórí iná kí àlejò ìjọba lè rí èéfín. "Mi ò bẹ̀rù ajá," ló máa ń sọ fún mi. "Ìtìjú ni mo ń bẹ̀rù. Ìtìjú ló ń gé èèyàn jẹ."

Nígbà tí fọ́ọ̀mù ilé wẹ́dà dé, èmi ni mo kọ́kọ́ kà á. Ọwọ́ ọmọdé ló kọ ọ́, ó hàn gbangba. Ọmọ náà kọ ọ́ pé: "Bàbá mi ń jó irin. Ojú rẹ̀ ti ń kú. Bó bá fẹ́ mú irin, á kọ́kọ́ fi ọwọ́ wá a nílẹ̀. Àwọn oníbàárà ò mọ̀. Ìyá mi ń fọ aṣọ fún èèyàn. Ipò kejì ni mo ṣe ní kíláàsì. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí wọ́n lé mi." Ìtẹ̀ka bàbá wà nísàlẹ̀, tàdáwà rẹ̀ ti fà lọ sápá kan. Mo rẹ́rìn-ín sí "Ẹ jọ̀ọ́" yẹn. Ìyá Fọ́ọ̀mù ò rẹ́rìn-ín. Ó ká fọ́ọ̀mù náà sínú àpò, ó bọ́ sójú ọ̀nà. Ọ̀sán Ọjọ́rú ni.

Òfin wa nígbà náà ni pé kí ayẹ̀lé-wò ka gbogbo fọ́ọ̀mù sókè fún olórí ilé, kó gbọ́, kó sì ní bẹ́ẹ̀ ni. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn.

Iwájú ilé ni sọ́ọ̀bù wẹ́dà wà, páànù lórí òpó irin mẹ́rin. Férémù fèrèsé tí kò tíì parí gbára lé ògiri, òórùn irin tó jóná sì gba gbogbo ibẹ̀. Lẹ́yìn sọ́ọ̀bù ni yàrá àti pálọ̀ kan wà, àgbàlá sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ níbi tí ìyàwó ń sá aṣọ oníbàárà sí. Ó dúró ti tábìlì aṣọ, áyọ́ọ̀nù eléèédú wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ń lọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun kan. Wẹ́dà fúnra rẹ̀ ń bá ọkùnrin kan sọ̀rọ̀ nípa géètì. Géètì ńlá ni, ti ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, iṣẹ́ gidi àkọ́kọ́ tó máa wọlé fún un láti oṣù mẹ́rin. Ọkùnrin náà ti yọ owó àsansílẹ̀ sórí tábìlì.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá," Ìyá Fọ́ọ̀mù kí i. "Ọ́fíìsì ètò ẹ̀kọ́ ni mo ti wá, lórí fọ́ọ̀mù ọmọ yín."

"Fọ́ọ̀mù kí ni?"

"Ti ìrànlọ́wọ́ ìjọba. Èyí tí ẹ tẹ̀ka sí."

Wẹ́dà wo oníbàárà rẹ̀, ó bú sẹ́rìn-ín. "Màmá, ẹ ti ṣìlé. Èmi tí mo jó géètì gbogbo àdúgbò yìí, kí ni mo fẹ́ fi ìrànlọ́wọ́ ṣe? Ẹ kà á ká gbọ́ jàre, ká jọ rẹ́rìn-ín."

Ìyá Fọ́ọ̀mù sọ fún mi lẹ́yìn ìgbà náà, kì í sì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan, pé, "Mo rí oníbàárà yẹn. Ojú mi rí i kedere. Òfin ni mo tẹ̀ lé, mi ò tẹ̀ lé ojú mi."

Ó kà á. Ó kà á sókè, ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan, bí wọ́n ṣe kọ́ ọ ní kíláàsì àgbà. Nígbà tó dé ibi tí wọ́n kọ pé "á kọ́kọ́ fi ọwọ́ wá a nílẹ̀," oníbàárà náà wo ọwọ́ wẹ́dà. Ọwọ́ ọ̀hún ń rìn lórí tábìlì, ó ń wá téèpù ìwọ̀n tó wà níwájú rẹ̀ gbangba. Ọkùnrin náà rọra kó owó rẹ̀ padà sápò. "Ọ̀gá, màá padà wá," ló wí. Gbogbo wa la mọ irú màá-padà-wá bẹ́ẹ̀.

Wẹ́dà gbé àtàǹpàkò rẹ̀ sún mọ́ ojú, ó ń wò ó. Ọjọ́ Àìkú tó kọjá, ó sùn lọ́sàn-án, ó jí, ó bá àwọ̀ búlúù níka, ó rò pé ọ̀dà irin ni.

"Ta ló kọ ọ́?" ló bi ìyàwó rẹ̀.

"Mi ò mọ̀ nípa rẹ̀ o. Ṣebí ẹ mọ̀ pé mi ò mọ̀wé kọ."

"Mo ní ta ló sọ fún ìjọba pé mo fọ́jú?"

Ọ̀pá irin kan wà nílẹ̀ lẹ́sẹ̀ rẹ̀, ó gùn tó apá èèyàn. Kò fi ọwọ́ wá ìyẹn. Ó bẹ̀rẹ̀, ó mú un, ó sì fi gbá obìnrin náà lẹ́yìn. Ohùn tó jáde lára rẹ̀ dà bí ìgbà tí wọ́n gbá tìmùtìmù. Obìnrin náà wó lu tábìlì aṣọ, ọkọ rẹ̀ tún gbá a nígbáàyà, egungun ìhà rẹ̀ dún. Obìnrin náà ò pariwo. Ẹni tó bá ti mọ́ lára kì í pariwo. Ó ká orí mọ́ inú apá bí ẹni tó mọ ibi tí ti ẹ̀ẹ̀kẹta máa bà sí.

Ti ẹ̀ẹ̀kẹta kò bà á. Ìyá Fọ́ọ̀mù ti bọ́ sáàárín, ó gbé apá ọ̀tún sókè, irin náà sì bọ́ sórí apá yẹn. Ó ní òun gbọ́ ọ kó tó dun òun, kọ̀á, bí ìgbà tí èèyàn ṣẹ́ igi gbígbẹ. Ó wo apá náà, ó rí i pé ó ti tẹ̀ níbi tí kò sí oríkèé. Ọkùnrin náà tún gbé irin sókè. Ìyá Fọ́ọ̀mù ju orí sí i lójú, iwájú orí tó fi ọdún mọ́kànlá ru búlọ́ọ̀kù. Imú wẹ́dà fọ́. Ẹ̀jẹ̀ tú sí i lẹ́nu, sí àyà, sára ṣẹ́ẹ̀tì funfun oníbàárà tó wà nílẹ̀.

Ọ̀pá irin já bọ́, àmọ́ ìjà ò tán. Wẹ́dà bò ó mọ́lẹ̀. Ó fi ẹ̀ṣẹ́ gbá a lẹ́nu, eyín méjì bọ́ sí i lọ́fun, ó gbé ọ̀kan mì. Ó fi ọwọ́ méjèèjì fún un lọ́rùn. Ìyá Fọ́ọ̀mù fi ọwọ́ òsì wá ojú rẹ̀ kiri kó lè ki ìka bọ̀ ọ́. Ó sọ èyí fún mi láìtijú: "Mo fẹ́ pa á. Ká ní apá mi méjèèjì pé ni, ǹ bá ti pa á, wọn ì bá sì ti wá mú mi." Bó ṣe ń jìjàkadì báyìí ló rí i pé ẹnì kan ń fa irun òun láti ẹ̀yìn. Ó rò pé olùrànlọ́wọ́ ló dé. Ìyàwó wẹ́dà ni. "Ẹ fi ọkọ mi sílẹ̀!" ló ń pariwo nísinsìnyí, òun tí kò pariwo fún ara rẹ̀. "Ẹ fẹ́ fọ́ ọ lójú tán! Ẹ fi í sílẹ̀!"

Ibi tí wọ́n dé rèé nígbà tí ọmọ wọlé láti ilé-ìwé.

Ọmọbìnrin ọmọ ọdún méjìlá ni. Abẹ́rẹ́ ni gbogbo àdúgbò ń pè é, nítorí pé ó tẹ́ẹ́rẹ́, ẹnu rẹ̀ sì mú. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà sọ́ọ̀bù, ó rí ẹ̀jẹ̀, ó rí fọ́ọ̀mù nílẹ̀, ó sì mọ ohun gbogbo lẹ́ẹ̀kan náà. Ọmọ mìíràn ì bá sá. Ó ní, "Bàbá, èmi ni mo kọ ọ́. Ẹ̀ ń sùn nígbà tí mo fi ìka yín tẹ̀ ẹ́. Ìyá mi ò mọ̀ sí i."

Wẹ́dà dìde lórí Ìyá Fọ́ọ̀mù. Ó nu ẹ̀jẹ̀ kúrò lójú, ó rìn lọ bá ọmọ náà, ó di ọrùn aṣọ ilé-ìwé rẹ̀ mú, ó gbé e kúrò nílẹ̀, ó sì là á mọ́ férémù irin tó gbára lé ògiri. Egungun èjìká rẹ̀ ló ṣẹ́. Ó tún gbé e sókè láti là á mọ́ ọn lẹ́ẹ̀kejì.

Ìyá rẹ̀ fi irun Ìyá Fọ́ọ̀mù sílẹ̀. Ohun tí obìnrin náà ti fara mọ́ fún ọdún mẹ́tàlá lórí ara tirẹ̀, kò lè fara mọ́ ọn fún ìṣẹ́jú kan lórí ọmọ rẹ̀. Ó gbé áyọ́ọ̀nù eléèédú tó ṣì ń rú èéfín, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e, ó sì sọ ọ́ mọ́ ọkọ rẹ̀ lórí. Ìdérí ṣí. Ẹyin iná tú sí i lọ́rùn, sínú aṣọ. Wẹ́dà bú bí ẹran, ó yí po lẹ́ẹ̀kan, ó sì ṣubú lulẹ̀ gbàgà, ọmọ náà bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ìyàwó tún gbé áyọ́ọ̀nù sókè. Ìyá Fọ́ọ̀mù ló rákò lọ dì í lẹ́sẹ̀ mú. "Ó tó," ló ń sọ pẹ̀lú ẹ̀jẹ̀ lẹ́nu. "Ó tó, ìyá ọmọ. Ó tó."

Onígbàjámọ̀ tó wà ní òdìkejì òpópónà ló kọ́kọ́ sáré dé, abẹ ìfárí ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀, ẹni tó ń fá lórí ń sáré bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀ pẹ̀lú orí tó fá dé ìdajì. Àwọn méjèèjì ló da omi sí wẹ́dà lára, tí wọ́n sì pe ọlọ́pàá.

Wọ́ọ̀dù kan náà ni wọ́n kó àwọn obìnrin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sí. Wọ́n fi ẹfun líle tó ń mú egungun dúró di apá Ìyá Fọ́ọ̀mù láti ọwọ́ dé ìgbúnwọ́, ibi méjì ló ti ṣẹ́. Ìyàwó wẹ́dà ní ìhà mẹ́ta tó fọ́. Wọ́n so apá Abẹ́rẹ́ mọ́ àyà. Wẹ́dà wà ní wọ́ọ̀dù ọkùnrin, wọ́n rán an lórí ní ojú abẹ́rẹ́ mọ́kàndínlógún, wọ́n sì fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ de ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ́ bẹ́ẹ̀dì.

Mo lọ kí wọn lójoojúmọ́. Ọjọ́ mẹ́ta ni ìyàwó náà fi kọjú sógiri. Lọ́jọ́ kẹrin ló sọ̀rọ̀, kò sì yíjú padà.

"Ọkọ mi kì í ṣe èèyàn burúkú."

"Mi ò sọ bẹ́ẹ̀," Ìyá Fọ́ọ̀mù dáhùn.

"Kí ojú rẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí í kú, ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún ló ń lù mí."

Nọ́ọ̀sì tó ń wọn ìfúnpá níbẹ̀ dúró, ó gbàgbé iye tó kà.

"Ẹ̀yin lẹ kà á," ni ìyàwó tún wí.

"Èmi ni mo kà á," Ìyá Fọ́ọ̀mù wí. "Mo jẹ̀bi ìyẹn. Mi ò ní bọ́ ọ kúrò lọ́rùn mi."

Ọjọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e ló padà síṣẹ́, bí dókítà tiẹ̀ ní kó sinmi. Aago mẹ́wàá ò tíì lù tí àwọn àbúrò wẹ́dà méjì fi dé. Wọ́n ń já ẹrù lọ́kọ̀ akẹ́rù, èjìká wọn kún ẹnu ọ̀nà. Àkọ́kọ́ fi àga fọ́ gíláàsì fèrèsé wa. Èkejì bi mí pé fáìlì ẹ̀gbọ́n àwọn dà, kí n tó la ẹnu ó ti gbá mi létí débi tí mo gbọ́ ìró agogo ilé-ìwé. Mo wọ abẹ́ tábìlì. Mi ò ní purọ́ fún yín, abẹ́ tábìlì ni mo ti rí ìyókù.

Wọ́n ń da fáìlì sílẹ̀, wọ́n ń fa ìwé ya. Ọ̀rọ̀ inú ilé bí ọgọ́rùn-ún fò káàkiri yàrá yẹn. Fáìlì tí wọ́n ń wá, abẹ́ ìdí Ìyá Fọ́ọ̀mù ló wà. Ó ti gbé e sórí àga, ó sì jókòó lé e. "Dìde, ìyá arúgbó," ni ẹni àkọ́kọ́ wí, ó sì fà á lápá tó dáa. Ó dìde lóòótọ́. Ó fi apá ẹfun líle yẹn gbá a lẹ́rẹ̀kẹ́. Ẹfun là sí méjì, ọkùnrin náà fi ẹ̀yìn lélẹ̀, Ìyá Fọ́ọ̀mù sì ké igbe kan tí mi ò gbọ́ irú rẹ̀ rí, torí pé egungun tó ń jinná lọ́wọ́ tún ti ṣẹ́. Èkejì fẹ́ fò mọ́ ọn. Ìgbà yẹn ni ọlọ́dẹ wa rántí pé òun ní kóńdó. Ó lù ú títí tó fi ń bẹ̀bẹ̀, ó sì ń lù ú lọ lẹ́yìn tó ti ń bẹ̀bẹ̀, títí Ìyá Fọ́ọ̀mù fi ní kó fi í sílẹ̀.

Ọ̀gá wa dé nígbà tí ọlọ́pàá ti kó àwọn méjèèjì lọ. Ó wo gíláàsì, ó wo ẹ̀jẹ̀, ó ní, "Ẹ pa fáìlì yẹn dé. Ìtẹ̀ka ayédèrú ni. Ọmọ tó lè fi ìka bàbá rẹ̀ jalè, kí la fẹ́ máa ràn án lọ́wọ́ sí?"

"Ọ̀gá, ọmọ yẹn ò jalè," Ìyá Fọ́ọ̀mù wí. Ó ti tutù, ètè rẹ̀ ti funfun, wọ́n ń wá ọkọ̀ tó máa gbé e padà sọ́sibítù. "Òótọ́ ló kọ. Ọdún mẹ́fà nìyí tí mo ti ń yẹ ilé wò fún yín, ẹ bi mí bóyá mo ti rí òótọ́ tó tó ìyẹn lórí fọ́ọ̀mù rí."

"Òfin ni òfin, màmá."

"Òfin náà ló ní kí n kà á sókè." Ó yíjú sí mi. "Akọ̀wé, jáde lábẹ́ tábìlì. Mú bírò."

Mo kọ ohun tó pè fún mi. Ó ròyìn ilé náà: yàrá kan, pálọ̀ kan, páànù tó ń jò. Ó ròyìn ojú wẹ́dà. Ó ròyìn ìlù. Lẹ́yìn náà ló ní kí n kọ ọ́ pé òun, ayẹ̀lé-wò, ka àṣírí ọkùnrin náà sétí oníbàárà rẹ̀, pé ohun tí òfin ní kóun ṣe nìyẹn, pé òfin náà ò dáa. Ọ̀gá ní, "Ṣé ẹ fẹ́ kí wọ́n lé yín ni?" Ó ní, "Búlọ́ọ̀kù ṣì wà láyé."

Wọn ò lé e. Ó pẹ́ kí ìwé náà tó rìn dé òkè, àmọ́ ó dé. Ní báyìí, inú ilé la ń jókòó sí, a ó ti ìlẹ̀kùn, olórí ilé á sì ka fọ́ọ̀mù fúnra rẹ̀, tàbí ká kà á sí i létí wẹ́rẹ́.

Nígbà tí wọ́n tún apá rẹ̀ dì tán, ó lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá. Mo tẹ̀ lé e, nítorí kò lè gbé àpò. Wẹ́dà jókòó sílẹ̀ lẹ́yìn irin, báńdéèjì lórí, ọrùn rẹ̀ ń rà níbi tí iná ti jó o. Ó gbọ́ ẹsẹ̀ wa kó tó rí wa.

"Ẹ tú mi síhòhò lójú oníbàárà mi," ló wí.

"Mo jẹ̀bi ìyẹn, ẹ má bínú. Mi ò jẹ̀bi apá mi tí ẹ ṣẹ́, mi ò sì jẹ̀bi ọmọ tí ẹ là mọ́ irin." Ó na fọ́ọ̀mù tuntun sí i, pẹ̀lú pádì tàdáwà. "Ẹ tẹ̀ka sí i lójúfò lọ́tẹ̀ yìí. Ẹ jẹ́ kí ọmọ kàwé."

Ó gba pádì náà. A rò pé ó máa tẹ̀ ẹ́. Ó là á mọ́ ògiri, tàdáwà búlúù ṣàn sílẹ̀, ó tutọ́ sí fọ́ọ̀mù, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi orí tí wọ́n rán náà gbá irin títí ẹ̀jẹ̀ fi gba inú báńdéèjì jáde. Ọlọ́pàá mẹ́ta ló dì í mú. Ìyá Fọ́ọ̀mù dúró wò ó títí wọ́n fi so ó mọ́lẹ̀.

Adájọ́ fi í sẹ́wọ̀n ọdún kan. Wọ́n gbé ìyàwó náà dé kóòtù nítorí áyọ́ọ̀nù, adájọ́ gbọ́ tẹnu onígbàjámọ̀, ó ní kó máa lọ sílé. Bí ọkọ ò sì ti sí nílé, òfin sọ ìyàwó di olórí ilé. Ìyá Fọ́ọ̀mù mú fọ́ọ̀mù kẹta lọ bá a. Obìnrin náà ní, "Bóyá ẹ tún ayé mi ṣe, bóyá ẹ bà á jẹ́, mi ò tíì mọ èwo ni." Ìyá Fọ́ọ̀mù ní òun náà ò tíì mọ̀. Wọ́n ti ìlẹ̀kùn, ó kà á sí i létí, obìnrin náà sì tẹ̀ka.

Báyìí ni Abẹ́rẹ́ ṣe padà sí kíláàsì pẹ̀lú ìwé tuntun àti bàtà tó ń dún. Kò tó oṣù kan tí ọmọbìnrin kan pè é ní ọmọ ẹlẹ́wọ̀n, ọmọ tí ìjọba ń bọ́. Abẹ́rẹ́ fi abọ́ oúnjẹ gbá a lẹ́nu, eyín kan fò. Wọ́n ránṣẹ́ pe Ìyá Fọ́ọ̀mù, torí ìyá rẹ̀ wà níbi tó ti ń fọṣọ. Ó bá ọmọ náà lórí ìkúnlẹ̀ níwájú ọ́fíìsì ọ̀gá ilé-ìwé, ó jókòó tì í nílẹ̀ẹ́lẹ̀.

"Ọwọ́ bàbá rẹ lo jogún yẹn?" ló bi í.

Ọmọ náà ní, "Màmá, ká ní mi ò kọ ti ojú bàbá mi ni, gbogbo èyí ì bá má ṣẹlẹ̀."

"Òótọ́ lo kọ. Èmi ni mo kà á síbi tí kò yẹ. Má gbé ẹrù mi rù mọ́ tìẹ." Ó fi ọwọ́ tó tẹ̀ nu imú rẹ̀ fún un. "Ṣùgbọ́n eyín ọmọ ọlọ́mọ, tìẹ nìyẹn. Dìde, ká lọ bẹ̀ ẹ́."

Ọdún kan pé. Lówùúrọ̀ ọjọ́ kan, ìlẹ̀kùn ọ́fíìsì wa ṣí, wẹ́dà ló wọlé. Mo dìde, mo di ẹ̀rọ tí a fi ń lu ihò sára ìwé mú lọ́wọ́ bí ẹni tó di òkúta. Ọlọ́dẹ tẹ̀ lé e pẹ̀lú kóńdó. Àmọ́ ọkùnrin náà ti rù, ó fi ọwọ́ tọ́ ara ògiri wá sídìí tábìlì, ojú rẹ̀ méjèèjì ti funfun bí wàrà.

"Ìyá Fọ́ọ̀mù wà níbí?"

"Mo wà níbí."

"Mo fẹ́ lọ wo ọmọ mi nílé-ìwé. N ò mọ ọ̀nà. Wọ́n ní ẹ̀yin lẹ mọ̀ ọ́n."

Ìyá Fọ́ọ̀mù wò ó pẹ́. "Ìyá rẹ̀ ló ni àṣẹ," ló wí. "Ẹ jókòó. Màá lọ bi í."

Ó fi ẹsẹ̀ rìn lọ bá ìyá náà, ó gba ilé-ìwé ọmọ kọjá, ó fi ẹsẹ̀ rìn bọ̀. Ó tó wákàtí méjì. Ọkùnrin náà ò kúrò lójú kan, kò gba omi tí mo fún un. Nígbà tó gbọ́ ẹsẹ̀ Ìyá Fọ́ọ̀mù, ó dìde.

"Kí ló wí?"

"Ó ní rárá."

"Ọmọ náà ńkọ́?"

"Ọmọ náà ní òun ń ṣe ìdánwò."

Wẹ́dà mi orí. Mo rò pé ó máa fọ́ nǹkan, ọlọ́dẹ náà sì rò bẹ́ẹ̀, ó ti gbé kóńdó sókè. Ọkùnrin náà kàn fi ọwọ́ wá ògiri, ó rí i, ó sì tọ̀ ọ́ lọ títí ó fi kan ìlẹ̀kùn. Ìyá Fọ́ọ̀mù ṣí i fún un, ó sì sọ iye àtẹ̀gùn tó wà níbẹ̀ fún un. Lẹ́yìn náà ló gbé àpò rẹ̀ kọ́ èjìká. Ilé mẹ́ta ló kù tó fẹ́ yẹ̀ wò lọ́jọ́ yẹn, wọ́n sì ní ajá wà nínú ọ̀kan.